Eékún Rhoda

Bí ẹ bá fẹ́ rí ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ní Èsìẹ́, eékún Rhoda Bámigbóyè ni kí ẹ wò. Méjèèjì ti dúdú ju ara rẹ̀ yòókù lọ, torí pé kí Rhoda rí àgbà, kó sì kí i lóòró, kò ṣẹlẹ̀ rí.

Bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Àgbẹ̀ ni, iṣu àti ẹ̀gẹ́ ló ń gbìn, òun náà ló sì ń ka Bíbélì ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn lọ́jọ́ Àìkú. Láti ọjọ́ tí ìyá Rhoda ti kú, kò sí ohun tó ń wú bàbá yìí lórí tó kí àlejò wọlé, kó sì ní, “Bámigbóyè, o kọ́mọ o.” Ilé ni a ti í kó ẹ̀ṣọ́ ròde, ni bàbá máa ń wí. Bẹ́ẹ̀ ni Rhoda ṣe kó ẹ̀ṣọ́ tirẹ̀ dání lọ sí ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kan ní Òmù-Àrán, ẹ̀ṣọ́ náà ló sì kó o sí wàhálà.

Ìwé kò ṣòro fún un. Ìdánwò àfọwọ́ṣe ló di òkè: akẹ́kọ̀ọ́ á dúró ti aláìsàn, á wẹ egbò rẹ̀, á dì í, àwọn olùdánwò tó ti ìta wá á sì máa wò ó. Ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni wọ́n ń gba ènìyàn láyè. Ẹni tó bá fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kẹta, kó palẹ̀ ẹrù mọ́, gbogbo ọdún tó ti lò níbẹ̀ ti bómi lọ.

Rhoda fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀kíní. Ó wá orúkọ rẹ̀ lára pátákó, kò bá a nínú àwọn tó yege, kò sì rí ìdí kankan tí wọ́n kọ síbẹ̀. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà ó tún ṣe é, ó tún fìdí rẹmi. Ẹ ó ní kí ló dé tí kò béèrè. Ọmọ tí wọ́n kọ́ pé a kì í bi àgbà léèrè ọ̀rọ̀, ṣé òun ni yóò lọ kan ilẹ̀kùn ọ́fíìsì pé kí lòun ṣe? Àwọn olùkọ́ náà kò sì pè é. Inú ń bí mi sí wọn títí dòní. Abèèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀nà, tó ń wo ọmọ ọlọ́mọ bó ṣe ń wọgbó lọ, kí ni ká pe ìyẹn?

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Hamidah, ọmọ Ìgbàjà tí wọ́n jọ ń gbé yàrá kan, ríṣẹ́ sí Ìlọrin, ó fi ìrọ̀rí kan àti bẹ́ẹ̀dì tó ṣófo sílẹ̀. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ń pè lójoojúmọ́. Nígbà tó yá, ó di ọjọ́ Jímọ̀ nìkan. Nígbà tó tún yá, Rhoda ni kò gbé fóònù rẹ̀ mọ́, torí ojú ń tì í. Àwọn ọmọ tó wọlé lẹ́yìn rẹ̀ ń pè é ní Sístà Rhoda, wọ́n á sì dákẹ́ ọ̀rọ̀ bó bá wọ ilé ìdáná. Ó ń dá jẹun, ó ń dá rìn. Ó dá wà débi pé bó bá ń fi ìrọ̀rí Hamidah kọ́ bí wọ́n ṣe ń di egbò, ó máa ń bá a sọ̀rọ̀: “Ẹ pẹ̀lẹ́ mà. Ṣé kò dùn yín?”

Kò lọ sílé. Bàbá rẹ̀ ti sọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé ọmọ òun ń jáde bọ̀. Bó bá pè, ohun kan náà ló ń bi í: “Nọ́ọ̀sì mi, ìgbà wo?” Rhoda á ní ó kù díẹ̀.

Nígbà tí ìdánwò ẹlẹ́ẹ̀kẹta ku ọ̀sẹ̀ kan, ó wà ní yàrá ìkọ́ṣẹ́ pẹ̀lú ìrọ̀rí rẹ̀ nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí. Ìyáàfin Ọláìyá ni, olùkọ́ kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Kí ẹ tó ṣẹ́jú, eékún Rhoda ti kanlẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀ mà.”

Ọwọ́ Rhoda ni Ìyáàfin Ọláìyá ń wò.

“Ṣé bí o ṣe kí àwọn olùdánwò nìyẹn?”

“Bẹ́ẹ̀ ni mà.”

“Pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ tí kòkòrò àrùn kankan kò gbọdọ̀ sí lára rẹ̀?”

Rhoda wolẹ̀. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí itan, lórí aṣọ tó ti fi jókòó káàkiri láti ìdájí. Ẹ̀ẹ̀mejì ló ti ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìdánwò, tó dìde, tó sì fi ìbọ̀wọ́ náà kan egbò. Ó bú sẹ́kún lórí ìkúnlẹ̀.

“Dìde,” ni Ìyáàfin Ọláìyá wí. “Ẹni tó wà lórí bẹ́ẹ̀dì ni àgbà rẹ lọ́jọ́ náà. Òun ni kí o bọ̀wọ̀ fún.”

Lọ́jọ́ ìdánwò, bàbá arúgbó kan ni wọ́n fún un, egbò wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Rhoda ti wọ ìbọ̀wọ́ nígbà tí àwọn olùdánwò wọlé, olórí wọn jẹ́ ìyá àgbà kan tó ti hewú. Ilẹ̀ ń fa eékún Rhoda. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì síwájú àyà, kò jẹ́ kí wọ́n kan nǹkan kan.

“Ẹ káàárọ̀ mà,” ló wí, lóòró.

Bàbá orí bẹ́ẹ̀dì pòṣé. “Ọmọ ìsinsìnyí! Wọn ò kọ́ eléyìí nílé.”

Láyé Rhoda, kò sẹ́ni tó sọ ọ́ sí i rí. Omijé bọ́ sí i lẹ́rẹ̀kẹ́, kò sì gbọdọ̀ nù ún. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wẹ egbò bàbá náà jẹ́jẹ́, ó dì í.

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni wọ́n lẹ èsì. Orúkọ rẹ̀ wà nínú àwọn tó yege. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ẹni tó lè dì mọ́. Ó padà sí yàrá, ó jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì Hamidah, ó pe Èsìẹ́.

“Nọ́ọ̀sì mi,” ni bàbá wí, “ìgbà wo?”

Rhoda dìde, ó kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ńtì, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí i.

“Ẹ káàsán, Bàámi,” ló wí. “Mo ti ṣe é.”