Ẹṣin Tó Ń Fò Lọ, Tó Ń Fò Bọ̀

Àbúrò ọkọ mi kò fẹ́ràn mi, èmi náà kò fẹ́ràn rẹ̀. Ìwọ tó ń bá mi kọ ìtàn yìí sílẹ̀, kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, má bomi là á. Láti ìgbà tí ọkọ mi ti kú ló ti ń pe ẹṣin tó fi sílẹ̀ fún mi ní ẹṣin ẹbí. Ẹṣin tí ọkọ mi rà ní kékeré níhà Ìfọ̀nyìntẹ̀dó, tí èmi ń gé koríko fún lójò lẹ́ẹ̀rùn!

"Ìyàwó," bó ṣe ń pè mí nìyẹn, bí mo ṣe darúgbó tó yìí, "obìnrin kì í ní ẹṣin. Màá tà á ni."

"Ẹ máa lá àlá yín lọ, ọkọ mi."

Nígbà tó yá, wọ́n ní ìdíje ẹṣin fífò yóò wáyé ní pápá ilé ìwé kan l'Áyétòrò, fún ẹni tí kì í fi ẹṣin jẹun. Ọmọ mi obìnrin ní òun á gùn ún. Àbúrò ọkọ mi rẹ́rìn-ín ìyàngì. Ó sọ ọ́ níwájú olórí ẹbí pé bí ẹṣin náà bá fo gbogbo ọ̀pá tí wọ́n gbé dábùú ọ̀nà láìjẹ́ kí ọ̀kan já bọ́, òun ò ní bá mi du ú mọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kan bá já, ọjà yá.

Olórí ẹbí ní, "Mo gbọ́."

Lọ́jọ́ náà, ẹṣin mi fo ọ̀pá àkọ́kọ́ fẹ́ẹ́. Kí ọmọ mi tó fa ìjánu, ó ti yí padà, ó fò ó padà síbi tó ti ń bọ̀. Ó wá gba ẹ̀gbẹ́ ọ̀pá náà kọjá lọ bá ìkejì. Bákan náà ló ṣe é. Ó ṣe é dé ìparí. Réfírì ń fun fèrè, kò gbọ́.

Ọmọdé kan láàárín òǹwòran bi ìyá rẹ̀ pé, "Màmá, ṣé ó gbàgbé nǹkan sílé ni?"

Ẹlòmíràn pariwo pé, "Máṣíìnì ìránṣọ nìyẹn o!"

Réfírì lé wa jáde.

Mo mọ ibi tó ti kọ́ ọ. Láti kékeré ẹṣin náà ni àbúrò ọkọ mi yìí ti máa ń mu ẹmu yó, tí á na ẹsẹ̀ gbọọrọ sí ẹnu ọ̀nà àgbàlá. Bí ẹṣin bá ti fo ẹsẹ̀ rẹ̀, á figbe ta: "Ó fò mí! Kó fò mí padà, kí ẹsẹ̀ mi má baà rọ!" Èmi á fà á padà. Ìgbà náà ni yóò tó ká ẹsẹ̀, tí a ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ jáde.

Bí wọ́n ṣe lé wa jáde, àbúrò ọkọ mi ti di ìjánu mú. "Ìyàwó, ó parí. Wọ́n ti lé e."

Olórí ẹbí bi í pé, "Ọ̀pá wo ló já?"

"Bàbá, wọ́n lé e jáde o!"

"Mi ò bi ọ́ léèrè ìyẹn. Ọ̀pá wo ló já?"

Kò sí èyí tó já. Ó fi ìjánu sílẹ̀.

Mo ní, "Ẹ ṣeun, ọkọ mi. Ẹsẹ̀ yín ló kọ́ ọ."

Kò kí mi títí dòní, n kò sì retí ẹ̀. Ó ṣì ń na ẹsẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà. Bí mo bá ń mú ẹṣin mi lọ jẹko, ẹṣin á fo ẹsẹ̀ rẹ̀, á sì fẹ́ yí padà. Mo máa ń di ìjánu rẹ̀ mú ṣinṣin, kó má lè fò ó padà.