Ata Ilẹ̀ Orí Àpáta

Ohun méjì ni ìyá mi kì í gbà: kí ènìyàn pè é ní aláìsàn, àti kí ènìyàn kọ́ ọ ní ewé. Ó ti ń ta ewé àti egbò igi ní Ṣábẹ̀ẹ́ kí wọ́n tó bí mi. Lọ́dún tí inú dà á láàmú yẹn, kò sí oúnjẹ tó ń dúró níkùn rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ ń tutù nínú oòrùn ọ̀sán, ìró kò dúró nídìí rẹ̀ mọ́. Síbẹ̀, àgbo kíkorò ló ń mu láràárọ̀. Ó ní ohun tí kò bá korò kì í ṣe oògùn. Ó sì búra pé ẹsẹ̀ òun kò ní tẹ ilé ìwòsàn tí mo ti ń ṣe nọ́ọ̀sì. Ẹ̀rù ń bà mí pé yóò kú mọ́ mi lọ́wọ́.

Ayé kámáráàdì, ìgbà ìjọba sósíálíìsì àwọn ológun, la wà nígbà náà, rédíò ń pariwo pé ká gbára lé ohun tiwa. Ìgbà náà ni dókítà ará Ṣáínà kan wá bá wa ṣiṣẹ́ nílé ìwòsàn, Faransé rẹ̀ kò sì dára ju tèmi lọ. Ó kọ́ wa pé ká kọ́kọ́ fi ẹnu mọ oògùn: ó lè ta, ó lè dùn, ó lè kan, ó lè korò, ó lè níyọ̀. Lẹ́yìn náà ká béèrè ohun tó ń ṣe nínú ara: ṣé ó ń mú ara gbóná ni, àbí ó kàn ń mú un lọ́wọ́ọ́rọ́, ṣé ó ń tù ú díẹ̀ ni, àbí ó ń mú un tutù nini? Ó ní ohun kíkorò sábà máa ń tu ara. Ẹni tí inú rẹ̀ ti tutù, ẹ má fi òtútù kún tirẹ̀. Ata ilẹ̀ tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wú ń lé òtútù gba awọ jáde, àmọ́ èyí tó ti gbẹ gbóná jù ú lọ, ikùn ló sì ń dúró sí.

Mo pinnu pé ìyá mi yóò mu omi ata ilẹ̀ gbígbẹ, bó fẹ́, bó kọ̀.

Mo ṣàlàyé ohun tí dókítà kọ́ wa fún un, ọjọ́ mẹ́ta la fi fa ọ̀rọ̀ náà. Ó ní ẹnu àgbà lobì ti ń gbó, kí n lọ jókòó. Lọ́jọ́ kẹrin, mo ṣa nínú ata ilẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ sá sórí àpáta ẹ̀yìn ilé, mo sè é títí ó fi pọ́n, mo gbé e síwájú rẹ̀. Kò fọwọ́ kàn án.

"Ta ló sè é?"

Ojú tì mí. Nínú iṣẹ́ rẹ̀, ẹni tó se àgbo ló ń kọ́kọ́ mu ún lójú aláìsàn. Ilé ìwòsàn ti mú mi gbàgbé. Mo gbé ife, mo mu ún dé ìdajì. Ó ta mí dé etí, omi bọ́ lójú mi, mi ò sì gbé e kalẹ̀. Ìyá mi rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tí mi ò gbọ́ láti oṣù kan.

"Ata ilẹ̀ mi nìyí. Ọlọ́bẹ̀ ni mò ń tà á fún."

"Tiyín ni, ìyá. Ẹ mu ún."

Ó mu ún, láàárọ̀ àti lálẹ́. Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó ní kí n gún iyán fún òun. Ìdí odó ni mo ti sunkún ayọ̀.

Nígbà tó lágbára tán, ó se egbò dúdú kan tí kò dárúkọ rẹ̀ fún mi, ó rọ omi rẹ̀ sínú ìgò, ó wé gèlè, ó ní ká máa lọ. Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwòsàn, ó dúró díẹ̀, ó wọlé. Ó bu omi egbò náà sínú ife níwájú dókítà, òun fúnra rẹ̀ kọ́kọ́ mu ún, ó sì na ìyókù sí i.

"Bi í léèrè," ó ní fún mi, "bóyá èyí gbóná tàbí ó tutù."