Iyùn Màmá Lára Ògiri

Iyùn Màmá wà lára ògiri páálọ̀ mi, nínú fírémù, lẹ́yìn gíláàsì, níbi tí àwọn ẹlòmíì máa ń gbé fọ́tò ìgbéyàwó wọn kọ́ sí. Gbogbo ẹni tó bá wọlé ló ń yìn ín. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ poli tó gba yàrá ẹ̀yìn tiẹ̀ máa ń dúró síwájú rẹ̀ ya fọ́tò. Lójú tèmi, ó kéré. Iyùn tí mo mọ̀ mọ́ Màmá lọ́rùn máa ń balẹ̀ sí wọn láyà. Mo ní bóyá gíláàsì ló fà á.

Àárò wọn ń sọ mí, kò sì sinmi. Nítorí rẹ̀ ni mo ṣe gbé iyùn náà síbi tí ojú mi á ti kàn án kí n tó mu tíì. Mo máa ń kí i pàápàá. Ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín o. "Ẹ káàárọ̀, mà," bí mo bá ti gbálẹ̀ débẹ̀.

Ọdún Igogo tó kẹ́yìn tí a jọ ṣe ni mo máa ń rántí jù. Lásìkò ọdún yẹn, obìnrin kì í wé gèlè l'Ọ̀wọ̀, ọkùnrin kì í dé fìlà. Orí àti ọrùn kálukú á wà ní gbangba. Mo jókòó sílẹ̀ láàárín ẹsẹ̀ Màmá, wọ́n ń fi òwú dúdú kó irun fún mi, èmi àgbàlagbà. Bí wọ́n ṣe parí, wọ́n fa òwú yẹn yí mi lọ́rùn. Mo lọgun: "Màmá, ṣé ẹ fẹ́ fún mi lọ́rùn pa ni?" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọ́n já òwú náà, wọ́n so ó mọ́ etí ìró wọn. Mo padà sí Ìbàdàn. Iṣẹ́ ò jẹ́ kí n wálé fún Igogo tó tẹ̀ lé e. Kí òmíràn tó dé, wọ́n ti lọ.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni Ìyá Ìpele wá kí mi. Àbúrò Màmá ni wọ́n. Ìlú Ìpele tí wọ́n ń gbé la fi ń pè wọ́n. Ojú wọn ti ń ṣe bàìbàì.

"Gbé iyùn ẹ̀gbọ́n mi wá kí n fọwọ́ kàn án."

Mo fà wọ́n lọ́wọ́ lọ sídìí ògiri. Gíláàsì ni ọwọ́ wọn bà.

"Kí lèyí?"

"Fírémù ni, mà. Mo fi ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́."

"Hà! Ìdí ọmọ ẹni kì í burú ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ti ọmọ ẹlòmíì, ìwọ wá gbé tìẹ, o fi kọ́ ògiri lọ́rùn! Ṣé ògiri la bí ni? Sọ̀ ọ́ kalẹ̀ jàre. Mo ṣe bí o ti ń wọ̀ ọ́."

Inú bí mi. "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Ìpele, tó bá já ńkọ́? Nǹkan Màmá kan ṣoṣo tó kù fún mi nìyí."

"Ta ló sọ fún ẹ pé ti ìyá ẹ ni?"

Wọ́n fa apá bùbá wọn sókè. Iyùn wà ní ọrùn ọwọ́ wọn, pupa kan náà.

"Ìyókù rèé. Ọrùn ìyá ẹ tó ki pọ́pọ́, ṣé èyí á yí i ká? Wọ́n tú u, wọ́n fi òwú dúdú kan díwọ̀n rẹ̀, wọ́n sín in ní tuntun. Wọ́n ní o máa wọ̀ ọ́ ṣe Igogo. Wọ́n ń retí ẹ."

Mo fi ọ̀bẹ ṣí ẹ̀yìn fírémù. Ìyá Ìpele ló bá mi so ó, ọwọ́ wọn ń táràrà lẹ́yìn ọrùn mi. Ó kọ́kọ́ tutù. Kò fún, kò dẹ̀.

Mo ké "Màmá o!" bí ẹni pé wọ́n wà ní kíṣìnnì.