Ṣọ́ọ̀bù Tó Fara Ti Mọ́sáláṣí

Ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù Kejìlá ọdún 1960 ni ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì dẹ́kun àtimáa fi dandan pe ọ̀dọ́ wọ iṣẹ́ ológun. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá wù ló ń lọ. Ìdí nìyẹn tí àwọn ológun fi ń wá ibi tí ọ́fíìsì wọn lè wà, tí ẹsẹ̀ ọ̀dọ́ á fi tètè débẹ̀.

Iṣẹ́ Àsúmáù nìyẹn. Peckham ni wọ́n bí i sí, ìṣirò ló kà ní yunifásítì. Ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú kò ṣòro láti lóye: wọ́n á kó ibi tí ọ̀dọ́ wà sínú rẹ̀, pẹ̀lú ọ̀nà bọ́ọ̀sì àti àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo, òun á sì mú ibi tí àpapọ̀ ìrìn gbogbo wọn á ti kúrú jù lọ.

Lóṣù tó kọjá, ó mú ṣọ́ọ̀bù tó fara ti mọ́sáláṣí bàbá rẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ mọ́sáláṣí ń bẹ onílé fún, kí àwọn ọmọ iléekéwú lè kúrò lábẹ́ àtẹ̀gùn tí wọ́n há mọ́. Bí àwọn ológun bá béèrè, ta ni onílé máa fún?

Ó tú ìṣirò náà wò, ó sì rí àṣìṣe. Ibi tí fóònù àwọn ọ̀dọ́ wà ni wọ́n fi kà wọ́n, ọ̀sán Jímọ̀ ni wọ́n sì kà wọ́n. Kọ̀ǹpútà ò mọ̀ pé ìrun ni wọ́n wá kí, pé bí ìrun bá ti parí, oníkálukú á gba Camberwell, Brockley tàbí Forest Hill lọ. Ó ka kálukú sí ilé rẹ̀, ó tún ìṣirò ṣe, ara rẹ̀ sì balẹ̀.

Ṣọ́ọ̀bù yẹn náà ni kọ̀ǹpútà tún mú.

Ó wá fẹ́ fi òfin kan kún un: kí ọ́fíìsì má sún mọ́ ilé ìjọsìn. Irewọlé, ọ̀gá rẹ̀, ọmọ Ìjẹ̀bú tí ẹ̀rín kì í jìnnà sí ẹnu rẹ̀, tẹjú mọ́ àwòrán ilẹ̀ náà.

"Mọ́sáláṣí nìkan ni, àbí pẹ̀lú ṣọ́ọ̀ṣì?"

"Gbogbo ẹ̀ ni, Uncle."

"Ní Peckham? Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ṣọ́ọ̀ṣì! Ẹ̀yìn onígbàjámọ̀, ṣọ́ọ̀ṣì! Àfi ká lọ pàgọ́ sórí koríko Peckham Rye. Yọ òfin yẹn, jàre, kó o fi èsì ránṣẹ́."

Ó yọ ọ́. Ó fi èsì ránṣẹ́.

Kò lè fi í pamọ́ fún bàbá rẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, ó bá bàbá náà, Alhaji Làtíìfù, níbi tí wọ́n ti ń to bàtà àwọn ọmọ kéwú sẹ́nu ọ̀nà. Ó ròyìn gbogbo rẹ̀ fún wọn.

"Daddy, ẹ má bínú. Mo tún un ṣe, ibẹ̀ náà ló ń mú."

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Kọ̀ǹpútà yín ò purọ́. Nígbà tá a fẹ́ ra ibí, Nasir, ọ̀kan nínú wa, sọ pé Brockley ni ká rà á sí, àwọn ará Camberwell fárígá. A wá bi ara wa pé: ibo ni ọmọ ẹnikẹ́ni ò ti ní í wọ bọ́ọ̀sì méjì? Ibí ló bọ́ sí."

Nínú ilé, àwọn ọmọ ń ké kéwú lábẹ́ àtẹ̀gùn. Bàbá fi bàtà kan ti èkejì rẹ̀.

"Àwa mọ ohun tá a pè wọ́n wá ṣe, Àsúmáù. Àwọn ológun tìẹ ńkọ́?"