Omi Ẹja Lórí Òkúta Saimi

Àwa ará agbègbè Savo ń pe ooru tó ń dìde nígbà tí a bá da omi sórí òkúta gbígbóná inú sáúnà, ilé onígi tí a ti ń fi ooru wẹ̀, ní löyly. Bí a bá ń bèèrè sí i, a ní löylyä. Bí a bá jókòó sínú rẹ̀, a ní löylyssä. Àwọn àgbà ní èémí ènìyàn ni ọ̀rọ̀ náà ń jẹ́ láyé àtijọ́. Saimi Hyvärinen, ìyá àgbà kan ládùúgbò wa, gbà bẹ́ẹ̀. Kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bú èébú nínú rẹ̀.

Inú sáúnà ilé wọn létí adágún ni wọ́n bí i sí. Ibẹ̀ náà ló ti wẹ òkú ọkọ rẹ̀.

Nígbà tó pé ẹni ọdún mẹ́rìnlélọ́gọ́rin, wọ́n ní kó lọ máa gbé ní ilé àwọn arúgbó. Kò jà. Ohun kan ṣoṣo ló bèèrè: kó wẹ̀ nínú sáúnà rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan sí i. Ọkọ̀ yóò wá gbé e ní aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ Sátidé.

Èmi aládùúgbò rẹ̀ la igi, mo dáná. Veijo, ọmọ àbúrò rẹ̀, ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́ta, pọn omi. Saimi wọlé ní aago márùn-ún. Mo wà níta. Mo gbọ́ tí omi dún lórí òkúta. Òórùn ìfun ẹja tẹ̀ lé e.

Saimi jáde pẹ̀lú aṣọ ìnura lára, ó ń bì.

“Veijo! Garawa wo lo fi pọnmi?”

“Èyí tó wà nínú ọkọ̀ ojú omi ni, Àǹtí.”

“Èyí tó o fi fọ ẹja láàárọ̀?”

“Mo ti da ìfun ẹ̀ nù. Omi ṣáà ni.”

“Omi ṣáà ni? Wọlé kó o lọ fi imú ẹ fà á!”

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹja kì í pààyàn.”

Mo ní, “Àgbàyà. Ta ni ò mọ̀ pé garawa sáúnà kì í bá ẹja pàdé?”

“Bàbá Eetu, ẹ̀yin náà!” Veijo ń rẹ́rìn-ín.

Mo da omi náà nù. Mo fi garawa mìíràn pọn òmíràn, mo dà á sórí òkúta lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó ṣì ń rùn. Ìpẹ́ ẹja ti jóná mọ́ òkúta, ó dúdú, ó ń yọ̀. Iná wákàtí mẹ́ta ló lè jó o kúrò. Aago mẹ́fà ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Saimi wọ inú adágún, ó fi omi tútù ṣan ara, ó wọṣọ. Veijo na ọwọ́ láti bá a gbé àpò ẹrù rẹ̀.

Saimi ní, “Má fọwọ́ kàn án. Ò ń rùn.”

Ọkọ̀ gbé e lọ.

Ní Mọ́ńdè mo kó àwọn òkúta náà jáde lọ́kọ̀ọ̀kan, mo dà wọ́n sígbó. Veijo ní òun máa ra tuntun.