Ṣọ́bìrì Méjèèjì Wà Lọ́dọ̀ Mi Lábẹ́ Yìnyín

Aago mọ́kànlá àárọ̀ ọjọ́ Saturday kan nínú oṣù February ni ohun tí mo fẹ́ sọ fún yín yìí bẹ̀rẹ̀. Aago yẹn dá mi lójú, nítorí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wo fóònù mi tán ni mo gba báàgì lọ́wọ́ Àǹtí Yẹ́misí.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí mọ̀ pé n kì í sábà sọ̀rọ̀ níbí. Ṣùgbọ́n ìtàn mi ti ń lọ káàkiri lórí WhatsApp ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Openshaw, Manchester, ó sì ń sanra sí i lójoojúmọ́. Ẹnì kan tiẹ̀ kọ ọ́ pé áńgẹ́lì ló fà mí jáde! Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí èmi tí ó ṣẹlẹ̀ sí sọ ọ́ bó ṣe rí. Ibi tí mo bá mọ̀, màá ní mo mọ̀. Ibi tí wọ́n sọ fún mi, màá ní wọ́n sọ fún mi ni.

Àǹtí Yẹ́misí kì í ṣe ẹbí mi. Ìyá Dámi ọ̀rẹ́ mi ni wọ́n. Dókítà eyín ni wọ́n, Ramsbottom ni wọ́n ń gbé, àwọn òbí wọn sì ti wà ní ìlú yìí kí wọ́n tó bí wọn. Yorùbá wọn dán, àmọ́ tí ẹ̀rù bá bà wọ́n tàbí tí inú bá ń bí wọn, ohùn Manchester ló máa ń jáde. Láti kékeré ni wọ́n ti ń ṣe ski, eré tí èèyàn ń fi pátákó gígùn méjì tó so mọ́ ẹsẹ̀ yọ̀ lórí yìnyín.

Èmi ńkọ́? Abẹ́òkúta ni wọ́n ti bí mi. Mo wá síbí wá ṣe master's, mo parí, mo rí iṣẹ́, mo sì gba yàrá kan ní Longsight. Kí n tó dé ìlú yìí, yìnyín tí mo mọ̀ kò ju èyí tó ń dì sínú fírísà lọ.

Dámi ló fà mí wọ̀ ọ́. Ó mú mi lọ síbì kan tí wọ́n ti ń kọ́ ski nínú ilé. Mo ṣubú títí gbogbo ara fi ń ro mí, ṣùgbọ́n mo fẹ́ràn rẹ̀. Ó bá ìwà mi mu: kò sẹ́ni tó máa ń retí pé kí èèyàn sọ̀rọ̀ nígbà tó bá ń ṣe ski! Nígbà tó yá, Àǹtí ní mo ti tó bá wọn lọ sórí òkè gidi. Bí àwa mẹ́ta ṣe wa mọ́tò lọ sí Scotland ní Friday nìyẹn.

Ní Saturday, kí a tó jáde, Àǹtí kó nǹkan mẹ́ta síwájú mi lórí tábìlì. Àkọ́kọ́ ni ẹ̀rọ kékeré kan tí èèyàn máa ń so mọ́ àyà, tó máa ń ránṣẹ́ sí irú rẹ̀ kí wọ́n lè mọ ibi tí èèyàn wà tí yìnyín bá ya bò ó. Ìkejì ni ọ̀pá gígùn kan tó ṣeé ká, tí wọ́n fi ń gún yìnyín wò bóyá èèyàn wà nísàlẹ̀. Ìkẹta ni ṣọ́bìrì kékeré kan.

Wọ́n ní kálukú ló ní tirẹ̀, kálukú ló sì máa gbé ọ̀pá àti ṣọ́bìrì tirẹ̀ sínú báàgì. Wọ́n ní tí yìnyín bá bo ẹnì kan, àwọn tó kù lókè ló máa wà á jáde, nítorí pé kí ẹnikẹ́ni tó dé láti ìlú, ó lè ti pẹ́ jù.

Mo bi wọ́n bóyá irú ẹ̀ lè ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ náà. Wọ́n fi ìkìlọ̀ ọjọ́ náà hàn mí lórí fóònù wọn. Ó ní ewu náà jẹ́ moderate. Iṣẹ́ mi ni kí n máa yẹ data wò, nítorí náà mo bi ara mi pé moderate yìí, báwo gan-an ló ṣe pọ̀ tó? Mo kà á dé ìsàlẹ̀. Ó ní kí a ṣọ́ra níbi tí afẹ́fẹ́ bá ti gbá yìnyín jọ.

A jókòó sórí àga tó ń gbé èèyàn gòkè. Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, a ní láti fẹsẹ̀ gun òkè díẹ̀ sí i, kí a tó gba ẹ̀gbẹ́ òkè náà kọjá sí apá kejì. Àǹtí gbé ski wọn lé èjìká kan, báàgì wà lẹ́yìn wọn. Mo rí i tí wọ́n ń fọwọ́ tẹ èjìká kejì. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ abẹ fún wọn níbẹ̀ rí.

Ẹ sọ òótọ́, ẹ̀yin tí wọ́n kọ́ nílé: kí lẹ máa ṣe? Ẹni tó tó ìyá yín ń gbé ẹrù lọ níwájú yín, ara ń ni wọ́n, ẹ̀yin wá ń wò wọ́n? Ọwọ́ mi ti wà lára báàgì náà kí n tó ronú.

"Ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e, Ma."

"Rárá, Tóbi. Mo ti sọ fún ẹ, kálukú ló ń gbé tirẹ̀."

"Ma, ẹ jọ̀ọ́. Tí màmá mi bá gbọ́ pé mo ń wò yín níran, wọ́n á pa mí."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n wo òkè tó kù, wọ́n fọwọ́ pa èjìká wọn, wọ́n sì bọ́ báàgì náà fún mi. "Títí a ó fi dé òkè nìkan o."

Tèmi wà lẹ́yìn mi, mo bá gbé tiwọn kọ́ àyà. Dámi bojú wẹ̀yìn, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Bro! Ìyá ìbejì! Ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kan níwájú! Ṣé kí n wá bá ẹ rẹ ọ̀kan lẹ́kún ni?"

"Ìwọ tí o ò gbẹrù lọ́wọ́ ìyá ẹ, kí lò ń sọ?" ni Àǹtí fi dá a lóhùn. Dámi ní báàgì tòun nìkan ti wúwo tó, àti pé ṣé Mumsy kọ́ ló sọ pé kálukú gbé tirẹ̀?

Nígbà tí a dé òkè, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ gan-an. A wọ ski wa. Àǹtí nawọ́ fún báàgì. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n gbé e kọjá ẹ̀gbẹ́ òkè yìí ná, kò ṣáà jìn. Wọ́n wo èmi, wọ́n wo kùrukùru tó ń bọ̀, wọ́n ní ó dáa.

Nínú àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, kò sẹ́ni tó rántí ohun tó wà nínú báàgì náà. Ẹrù àgbà ni gbogbo wa rí. A ò rí ṣọ́bìrì.

Àǹtí ní kí a máa kọjá lọ́kọ̀ọ̀kan. Dámi ló kọ́kọ́ lọ. Kò dúró, ó ṣe ski lọ sí ibi tó tẹ́jú nísàlẹ̀. Àǹtí tẹ̀ lé e, wọ́n dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ àpáta kan ní òdì kejì, wọ́n sì na ọ̀pá ski wọn sókè pé kí n máa bọ̀.

Mo ti dé nǹkan bí ìdajì nígbà tí mo gbọ́ ọ. Kò pariwo. Ó dún bí ìgbà tí èèyàn wíwúwo bá jókòó sórí tìmùtìmù: gbì! Lẹ́yìn náà, ìlà kan là níwájú ski mi, ó ń sáré lọ bí aṣọ tó ń ya. Mo gbójú sókè. Gbogbo òkè náà ń bọ̀.

Mo gbọ́ tí Àǹtí pe orúkọ mi. Ohun tí wọ́n sọ tẹ̀ lé e, mi ò gbọ́ ọ.

Báwo ni mo ṣe máa ṣàlàyé ìyókù? Ẹ ti rí tipper tó ń da yẹ̀pẹ̀ rí? Ẹ gbà pé ẹ wà nínú yẹ̀pẹ̀ náà. Ski kan já kúrò lẹ́sẹ̀ mi, èkejì lọ́ ọrùn ẹsẹ̀ mi, yìnyín wọ imú, ó wọ ẹnu. Mo ń fọwọ́ wẹ̀ bí ẹni tó wà nínú odò, bí mo ti gbọ́ pé kí èèyàn máa ṣe, ṣùgbọ́n báàgì tó wà láyà mi dí apá mi lọ́nà. Lẹ́yìn náà, ohun gbogbo dúró.

Bó ṣe dúró báyìí ló gan. Mo rò pé màá lè fọwọ́ tì í kúrò. Ó tì o! Bíi sìmẹ́ńtì tó ti gbẹ ni. Mi ò lè gbé ìka kan. Òkùnkùn kọ́ ni, àwọ̀ eérú ni mo ń rí. Itọ́ ń ṣàn láti ẹnu mi lọ síbi etí òsì, ìyẹn ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ẹ̀gbẹ́ òsì ni mo fi lélẹ̀. Mo mọ ibi tí òkè wà. Kí ni ìmọ̀ náà fẹ́ ṣe fún mi?

Báàgì Àǹtí ti gòkè wá síwájú ojú mi. Ó ń rùn bí ìpara tí wọ́n fi ń pa èjìká. Àlàfo díẹ̀ wà láàárín òun àti imú mi, ó lè tó ìkúùkù kan. Nǹkan líle kan sì ń gún mi láyà.

Mo ronú nípa nǹkan líle náà. Igi ṣọ́bìrì ni.

Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù tó bà mí gan-an dé. Ṣọ́bìrì Àǹtí wà láyà mi. Tèmi wà lẹ́yìn mi. Ọ̀pá méjèèjì tí wọ́n fi ń gún yìnyín wà lọ́dọ̀ mi. Dámi ní tiẹ̀, ṣùgbọ́n ó ti wà nísàlẹ̀ pátápátá, ó sì máa fẹsẹ̀ gun òkè padà. Ẹnì kan ṣoṣo tó sún mọ́ mi, èmi fúnra mi ni mo ti gba irinṣẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ẹ̀bẹ̀ ni mo fi gbà á!

Àwọn èèyàn ń bi mí pé ṣé mo gbàdúrà. Mo pe Jésù lẹ́ẹ̀kan. Lẹ́yìn náà mo dákẹ́, nítorí pé èémí mi ti ń gbóná padà sí mi lójú, mo sì mọ̀ pé kò ní pẹ́ tán. Mo rí ojú màmá mi. Mo ń mí díẹ̀díẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ pin síbẹ̀.

Èyí tó kàn yìí, wọ́n sọ ọ́ fún mi ni. Àǹtí ní ẹ̀rọ tó wà láyà wọn ló júwe ibi tí mo wà. Wọn ò ní ọ̀pá, wọ́n bá yí ọ̀pá ski wọn sódì, wọ́n ń fi gún yìnyín títí tó fi kan nǹkan tó rọ̀. Wọ́n fi ìdí ski wọn wà á. Nígbà tó yá, wọ́n rí i pé ski lè ṣe mí léṣe, wọ́n bá bọ́ ìbọ̀wọ́ tó ti tutù tó sì ń yọ̀, wọ́n ń fọwọ́ wà á. Dámi ní òun ń gbọ́ igbe wọn bí òun ṣe ń gòkè bọ̀, pé òun ń pariwo, "Mumsy, mo ń bọ̀!" títí ohùn òun fi há.

Dámi ní ṣọ́bìrì òun ló kàn mí lórí. Àǹtí ní àwọn ti rí orí mi kí ó tó dé. Dámi ní ó pẹ́ gan-an, Àǹtí ní kò pẹ́. Mi ò sí níbẹ̀, ká sọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Mi ò gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni.

Ohun tí èmi rí nìyí: ìmọ́lẹ̀, lẹ́yìn náà ìka ọwọ́. Àwọn ìka náà funfun bí àbẹ́là, ẹ̀jẹ̀ wà lábẹ́ èékánná, wọ́n ń kó yìnyín kúrò lẹ́nu mi.

"Breathe, love! Breathe! Tóbi, mí! Ọmọ ọlọ́mọ! Kí ni mo fẹ́ sọ fún ìyá ẹ?"

Mo mí. Dámi jókòó sínú yìnyín, ó ń sunkún bí ọmọdé, kò sì pè mí ní ìyá ìbejì mọ́.

Hẹlikópítà ló gbé wa lọ sílé ìwòsàn. Egungun ìhà mi kan sán, ọrùn ẹsẹ̀ mi wú. Ìka Àǹtí ni àwọn dókítà tọ́jú pẹ́ jù. Nígbà tí màmá mi rí mi lórí video, ohun tí wọ́n kọ́kọ́ bi mí ni pé ta ló rán mi níṣẹ́ lọ sórí òkè. Wọ́n sunkún. Lẹ́yìn tí mo ṣàlàyé tán, wọ́n ní, "Àmọ́ o ṣe dáadáa tí o bá wọn gbé báàgì."

Ọ̀rọ̀ báàgì yìí ló sì di ìjẹ́rìí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Wọ́n ní nítorí pé mo bọ̀wọ̀ fún àgbà ni Ọlọ́run fi lo ẹrù àgbà láti fún mi ní èémí. Àǹtí ní ọ̀rọ̀ òpònú ni, pé báàgì náà ló fẹ́ pa mí. Ó ṣeé ṣe kí méjèèjì jẹ́ òótọ́. Àlàfo yẹn wà níwájú imú mi, mo rí i. Ṣọ́bìrì sì wà láyà mi, mo mọ̀ ọ́n lára. Mi ò lè padà lọ sábẹ́ yìnyín láìgbé báàgì, kí n lè mọ èyí tó ṣiṣẹ́ jù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ju ìyẹn lọ, mi ò ní sọ ohun tí mi ò mọ̀ lórí pẹpẹ.

Ẹ̀kọ́ tí èmi rí kọ́ kò pọ̀. Màá ṣì máa gbẹrù lọ́wọ́ àgbà. Ṣùgbọ́n màá kọ́kọ́ béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, àti bóyá wọ́n máa nílò rẹ̀ kí èmi tó dé. Tí àgbà bá sì ní rárá, màá gbà pé rárá ni wọ́n ń sọ, kì í ṣe pé wọ́n kàn ń fẹnu lásán kọ̀.

Ẹ̀yin ńkọ́? Ǹjẹ́ ẹ ti ran ẹnì kan lọ́wọ́ rí débi tí ìrànlọ́wọ́ náà fẹ́rẹ̀ẹ́ di wàhálà? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀. Màá ka gbogbo rẹ̀, bí mi ò bá tiẹ̀ fèsì.

Ní Sunday tó kọjá, Àǹtí wá kí mi ní Longsight. Báńdéèjì ṣì wà lára ìka wọn, kúlà ńlá kan wà lọ́wọ́ wọn. Dámi ń wá ibi tó máa páàkì sí. Mo nawọ́ sí kúlà náà, mo tún fà á padà.

Wọ́n wò mí. "Kí lò ń wò? Gbà á jàre, ọwọ́ ń dùn mí! Ṣọ́bìrì ò sí níbẹ̀."

Mo ṣí i wò kí n tó gbé e. Ìrẹsì ni.