Ìwé Àṣìṣe Tó Ṣófo

Bí inú bá ń bí obìnrin yìí, kì í pariwo. Ńṣe ló máa ń tẹ kíbọ́ọ̀dù bí ẹni ń kan ìṣó. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì tí mò ń sọ yìí, láti ẹnu ọ̀nà yàrá àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ni wọ́n ti ń gbọ́ ìró ìṣó náà, ẹni tó bá sì gbọ́ ọ á rọra yí ẹsẹ̀ padà.

Àǹtí Ẹ̀rọ ni wọ́n ń pè é ní ilé ìwòsàn náà. Kò sẹ́ni tó kọ́ ọ níṣẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni nígbà tó tú kọ̀ǹpútà kan tó ti kú fin-ín, tó jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, palẹ̀, tó sì tò ó padà. Ẹ gbọ́ ná, ẹ̀rọ náà tàn! Ṣùgbọ́n ìṣó kéékèèké mẹ́ta ṣẹ́kù sí i lọ́wọ́. Ìyá rẹ̀ ní, "Àwọn wọ̀nyí ńkọ́?" Ó ní, "Màmá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, wọn ò rí nǹkan kan ṣe níbẹ̀ tẹ́lẹ̀." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń bá ẹ̀rọ jà títí ó fi di ẹni tí wọ́n fún níṣẹ́. Ó ti tó ọdún mẹ́fà báyìí tó ti ń tọ́jú ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń gbé èsì àyẹ̀wò láti ọ̀dọ̀ àwọn akọ̀wé lọ sọ́dọ̀ dókítà.

Lẹ́tà kan tó wà lórí tábìlì rẹ̀ ló ń bí i nínú. Ọ̀gá yàrá àyẹ̀wò ló kọ ọ́. Tó bá di aago méjì ọ̀sán, Bàbá Fèrèsé yóò wá síwájú ìgbìmọ̀, wọn yóò sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí àìbìkítà.

Bàbá Fèrèsé ni akọ̀wé àgbà tó ń jókòó síbi fèrèsé tí àwọn aláìsàn ń tò sí. Tíṣà ni tẹ́lẹ̀, kò sì lè kọ orúkọ èèyàn láàbọ̀ láéláé. Àmì orí, àmì ìsàlẹ̀, gbogbo rẹ̀ ló ń wá lórí kíbọ́ọ̀dù. Á ní, "Ẹ wò ó, ṣé bí wọ́n ṣe ń pè yín nílé gan-an nìyí?" Àwọn akọ̀wé yòókù ò ráyè ìyẹn, bí ẹni ń kọ nọ́ńbà ọkọ̀ ni wọ́n ń kọ orúkọ èèyàn.

Láti oṣù mẹ́ta ni èsì ti ń sọnù. Aláìsàn á padà wá, á ní èsì òun dà, wọn á wá a tì. Ọ̀dọ̀ Bàbá ni gbogbo wọn sì ti kọjá. Bàbá ní òun tẹ̀ ẹ́ wọlé. Ọ̀gá ṣí ìwé àṣìṣe, ìyẹn fáìlì tí ètò náà máa ń kọ ohun tó bá dí i lọ́wọ́ sí, kò bá orúkọ kankan níbẹ̀ nínú àwọn tó sọnù. Òfin ibẹ̀ sì ni pé ohun tí kò bá sí nínú ìwé àṣìṣe, ọwọ́ èèyàn ló ti bàjẹ́.

Èyí tó wá ń ta Àǹtí Ẹ̀rọ lára jù ni pé òun náà ti gba òfin yìí gbọ́. Bàbá ti wá bá a lẹ́ẹ̀mẹta. Lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dáhùn láìgbójú kúrò lórí iṣẹ́ rẹ̀: "Bàbá, kò sí nǹkan kan nínú ìwé o. Ẹ máa fara balẹ̀ kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́." Bàbá á wò ó, á yọ awò ojú rẹ̀, á nù ún, á lọ.

Láàárọ̀ yìí ló tó fara balẹ̀ ka orúkọ àwọn tó sọnù. Mọ́kànlélógójì ni wọ́n. Kò sí ọ̀kan tí kò ní àmì. Gbogbo wọn ló sì wá láti ilé, wọn ò gba bẹ́ẹ̀dì ní ilé ìwòsàn, wọn ò sì ní nọ́ńbà wọ́ọ̀dù.

Ó kọ orúkọ kan tó ní àmì, ó fi àyè wọ́ọ̀dù sílẹ̀ lófìfo, ó tẹ̀ ẹ́. Kẹ́kẹ́ pa, ìwé àṣìṣe ò kọ nǹkan kan. Ó yọ àmì kúrò lára orúkọ kan náà, ó tún un tẹ̀. Ìwé àṣìṣe kọ ọ́ gàdàgbà pé: kò sí nọ́ńbà wọ́ọ̀dù.

"Yéè!" Ó fò dìde, àga ṣubú.

Ẹ wo bó ṣe rí. Nọ́ńbà ni gbogbo lẹ́tà nínú kọ̀ǹpútà. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n gbé ìwé àṣìṣe lọ sórí ẹ̀rọ mìíràn, ẹ̀rọ náà sì ń lo àtẹ lẹ́tà àtijọ́ tí kò mọ̀ ju lẹ́tà òyìnbó àti àwọn àmì díẹ̀ lọ. Tí wọ́ọ̀dù bá ṣófo, ètò á fẹ́ kọ ọ́ sínú ìwé pé báyìí báyìí ló ṣẹlẹ̀ sí lágbájá. Tó bá wá kan orúkọ lágbájá, tí lẹ́tà tó ní àmì yọjú, kò mọ ibi tí yóò fi sí, ńṣe ló ń kú síbẹ̀. Ìròyìn kú, èsì kú pẹ̀lú rẹ̀. Ó dà bí ẹni tí wọ́n rán pé kó lọ sọ pé ilé ń jó, tó dákú lọ́nà, tí kò sì sẹ́ni tó béèrè rẹ̀. Tàwọn tí wọ́n kọ orúkọ wọn ní ìkọkúkọ ń wọnú ìwé, òun fúnra rẹ̀ sì ń tún un ṣe lọ́jọ́ náà. Àwọn tí Bàbá bọ̀wọ̀ fún ló ń sọnù!

Ó wá ìdí tí ètò náà ò fi ké igbe kankan, ó rí ìlà kan nínú rẹ̀: bí kíkọ ìròyìn bá kùnà, dákẹ́, máa lọ. Ó mọ ẹni tó kọ ìlà náà.

Ọ̀gá yọ orí wọlé. "Àǹtí Ẹ̀rọ, ṣé o ti tẹ ìwé àṣìṣe yẹn jáde? Ìgbìmọ̀ ń dúró."

Ó fi hàn án. Ọ̀gá fọwọ́ pa irùngbọ̀n. "Ó dáa. Sọ fún Bàbá kó yéé fi àmì sí orúkọ. Tàbí kí o ní kí ètò máa gé e dànù. Ó parí."

"Kò parí, ọ̀gá." Ó ti ń kan kíbọ́ọ̀dù bí ìṣó. "Orúkọ wọn ni! Tí a bá gé tòní, lọ́la lẹ́tà mìíràn tí a ò mọ̀ á tún pa ìròyìn."

"Má jágbe mọ́ mi."

"Èmi kọ́, ọ̀gá. Kíbọ́ọ̀dù ni."

Ọ̀gá tẹ̀ síwájú, ó nàka sí ìlà náà. "Ta ló kọ 'dákẹ́' yìí?"

"Èmi ni. Ọdún àkọ́kọ́ tí mo débí. Ẹ̀yin lẹ ní ìkìlọ̀ ti pọ̀ jù."

"Ṣé kí n sọ ìyẹn fún ìgbìmọ̀?"

"Ẹ fún mi ní bírò," ló wí, ojú rẹ̀ ti pọ́n. "Màá kọ ọ́ fúnra mi."

Ó kọ ọ́. Ó sì padà sídìí iṣẹ́. Ó gbé ìwé àṣìṣe kúrò lórí àtẹ àtijọ́ lọ sórí èyí tó gba gbogbo lẹ́tà ayé. Ó tún sọ fún un pé tí lẹ́tà kan bá ṣe é ní kàyéfì, kó kọ nọ́ńbà lẹ́tà náà dípò rẹ̀, kó má kú, kó má sì ju nǹkan kan nù. Ó pa "dákẹ́" rẹ́. Ó fi igbe sí ipò rẹ̀, kó máa dún lórí tábìlì òun gan-an. Lẹ́yìn náà ló tún mú gbogbo ohun tí àwọn akọ̀wé ti tẹ̀ wọlé láti oṣù mẹ́ta, tí ẹ̀rọ ṣì tọ́jú, gba inú ètò kọjá. Ẹ̀rọ ìtẹ̀wé bẹ̀rẹ̀ sí í pọ orúkọ: mọ́kànlélógójì, kò dín kan.

Ní aago méjì ku díẹ̀, ọ̀gá fi ìwé méjèèjì, ti orúkọ àti èyí tí Àǹtí Ẹ̀rọ kọ, sábẹ́ abíyá lọ bá ìgbìmọ̀. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí wọ́n fi ní kí Bàbá padà sídìí fèrèsé rẹ̀. Ìwé tí Àǹtí Ẹ̀rọ kọ ló wá kù níwájú wọn.

Ó sáré lọ bá Bàbá. "Bàbá, ẹ kú oríire. Ẹ má bínú sí mi."

"Mò ń bínú," ni Bàbá wí. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo wá bá ẹ. Jókòó." Ó ti tẹlifóònù sí i níwájú, ó ya ìwé orúkọ sí méjì, ó fún un ní ìdajì. "Pè wọ́n. Pe orúkọ wọn pé."

Obìnrin kan ló kọ́kọ́ gbé e. "Èsì mi? Èyí tí ẹ ní mi ò wá ṣe rí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ẹ̀rọ ló..."

Bàbá fi ọwọ́ bo ẹnu tẹlifóònù. "Ẹ̀rọ wo? Sọ ẹni tó ṣe é."

Ó mú ọwọ́ Bàbá kúrò níbẹ̀. "Èmi ni mo ṣe é, màmá. Èsì yín ti wà níbí. Ẹ wá lónìí, ẹ jọ̀ọ́."

Obìnrin náà bú u, ó bú u débi tó wù ú. Àǹtí Ẹ̀rọ gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó ní, "Ẹ ṣeun, màmá," ó sì tẹ nọ́ńbà ẹni tó kàn.